Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ni Wọ́n Sọ fún Wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ onílé, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọlọ́jà sọ nílùú Ìbàdàn)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó o. Mo rí àwọn ìyá ọlọ́jà tó ti ìsọ̀ wọn kí wọ́n tó máa bọ̀. Ọjà á tà fún yín o. Mo rí àwọn olùkọ́ tó yẹ kí wọ́n máa sinmi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ṣeun tí ẹ dá wa lóhùn.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi kò le. Ẹ ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí àwa kan ń ṣe ní àdúgbò wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù, nítorí pé ẹ̀yin náà fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun náà rèé: ẹnìkan nínú wa á mú ọ̀rọ̀ àsọyé kan wá, èyí tó gbọ́ níbì kan tí kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. A ó jọ jókòó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, a ó jọ tú u wò. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀, kò sí aṣọ ẹgbẹ́, a ò sì yan alága. Ọdún kẹta rèé tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bí a ṣe ń ṣe é nìkan tí n kò sọ ìdí rẹ̀, ẹ ó dá a sílẹ̀, kò sì ní pé oṣù mẹ́ta tí yóò fi tú ká. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò mi sọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. À ń lò ó nígbà tí a bá fẹ́ bá ènìyàn wí láìtú u sí gbangba. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe ìjókòó yìí ni mo ti ń gbọ́ òwe náà lọ́nà mìíràn. Mo gbà pé kò sí olùsọ̀rọ̀ kan, bó ti wù kó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ tó, tó ń sọ ju àbọ̀ lọ. Àbọ̀ kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́. Ó wà nínú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, nínú èdè tó fi ń ronú, nínú ìbéèrè tí aládùúgbò rẹ̀ máa bi í. Ẹni tó bá dá nìkan gbọ́ ọ lórí fóònù, tó sì fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn kó tó sùn, àbọ̀ ló gbọ́, àbọ̀ náà ló sì pín.

Ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àsọyé gan-an. Bí mo bá rí èyí tó wọ̀ mí lára lórí YouTube, kíá ni mo máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp. Àbúrò mi ọkùnrin náà ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. "Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lọ́gbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi," ni yóò kọ sábẹ́ tèmi, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹun nílé ìyá wa, mo bi í pé níbo ló ti dùn mọ́ ọn jù nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wolẹ̀. Kò tíì ṣí i. Bí mo ṣe fẹ́ bínú ni mo rántí pé mẹ́ta nínú tirẹ̀ ló wà lórí fóònù mi tí n kò tíì fọwọ́ kàn. A ti ń yin ara wa láti bí ọdún méjì, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wú ẹnìkejì lórí. Ó dùn mí púpọ̀. Ìyá kan náà ló bí wa.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bàbá wa ní rédíò kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí ọmọrí ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ti kán, rọ́bà ni wọ́n fi dè é. Ní àsìkò ààwẹ̀, bí wọ́n bá ra kásẹ́ẹ̀tì wáàsí tuntun bọ̀ láti Ọjà'ba, gbogbo ilé ló máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìṣínu. Àwọn ará ilé kejì tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí gan-an á gbé àpótí wọn wá. Ohun tí mo rántí jù ni ìka bàbá wa. Bí àáfà bá sọ̀rọ̀ dé ibi tó nípọn, wọ́n á na ìka, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dúró, kàá, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dákẹ́. "Kí ló sọ yẹn?" Ọmọ tí ojú wọn bá bọ́ sí ló máa dáhùn. Bí ọmọ náà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ìyá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ojúlé kejì á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á gbè é, wọ́n á jiyàn títí, bàbá wa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń gbà wá ní wákàtí méjì. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ohun tí àáfà wí. N kò gbàgbé ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí.

Ẹ tún rántí àwọn tó máa ń dúró nídìí pátákó oníwèé ìròyìn láàárọ̀, tí wọn kì í ra ìwé, àkọlé iwájú nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì máa fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn á fi mú. Àwọn kan ń fojú ọ̀lẹ wò wọ́n. Èmi kò gbà. Mo gbọ́ àlàyé nípa owó tí ìjọba ń ná níbẹ̀ tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ ní kíláàsì rí.

Nítorí náà, a kò dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Ìka bàbá wa la lọ wá padà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a pàdé, mo ṣe àṣìṣe kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin yẹra fún. Mo mú ọ̀rọ̀ àsọyé oníwákàtí kan wá, Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì jẹ́ kó máa lọ láìdá a dúró. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wá. Nígbà tó fi máa parí, mọ́kànlá ló kù, oorun sì ti gbé mẹ́rin lọ nínú wọn. Ìyá kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọmọ mi, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dáa o, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló ń bá wí." N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Lóṣù tó tẹ̀lé e la gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Chimamanda Ngozi Adichie sọ nílùú Oxford, ní oṣù Keje ọdún 2009, lórí pèpéle TED, àwọn tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ àsọyé kúkúrú. Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú 18 ni TED fi ń dá olùsọ̀rọ̀ lẹ́kun, ọ̀rọ̀ náà kò sì pé ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni àwa lò lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn ń túmọ̀, èmi ń tẹ̀ ẹ́ dúró.

Kò pẹ́ rárá tí a fi kan ìṣòro. Báwo la ṣe fẹ́ pe àkọlé ọ̀rọ̀ náà lédè wa? Ewu tó wà nínú ìtàn kan ṣoṣo. Kò dún bí ohun tó léwu. Ìtàn kan, kí ló wá ṣe? Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó tán." Inú wa dùn, a rò pé a ti rí i mú. Ni ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀, ìyá ọjọ́sí yẹn, bá nawọ́ sókè. Wọ́n ní àwọn kò gbà. Wọ́n ní nínú òwe bàbá, ẹjọ́ ti dé iwájú adájọ́, ẹnìkan ti rò tirẹ̀, ẹnìkejì wà níta tó ń retí kí wọ́n pe òun. "Èyí tí ọmọ yìí ń sọ yàtọ̀. Wọ́n ti dá ẹjọ́ wa tán kí a tó mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀." Bàbá kóòtù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá mi orí. "Ìyá, ẹ jàre."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Adichie yẹn tó ìgbà mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ náà. Kò yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibì kan wà níbẹ̀ tó ti sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin tó wá ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé nígbà tó wà ní kékeré ní Nsukka. Fide lorúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá Adichie sọ fún wọn nípa Fide ni pé tálákà ni àwọn ará ilé rẹ̀. Bí Adichie kò bá jẹun tán, ìyá rẹ̀ á ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ṣé kò mọ̀ pé àwọn bíi ti ilé Fide kò rí nǹkan jẹ ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n lọ kí wọn ní abúlé. Ìyá Fide mú apẹ̀rẹ̀ kan jáde, ọmọ ìyá Fide ló fi ràfíà tí wọ́n pa láró hun ún, oríṣiríṣi ọnà ló wà lára rẹ̀. Ẹnu ya Adichie. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnì kankan nílé Fide lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan.

Mo na ìka, mo tẹ̀ ẹ́ dúró níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ, ní, "Èmi náà, Fide ni mí." Ó ti fún mi láyè pé kí n máa sọ ìtàn yìí, kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ó ní apá Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti mú òun wá sí Ìbàdàn nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé olùkọ́ ni wọ́n mú un lọ. Wọn kò fìyà jẹ ẹ́, ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹun, wọ́n ń ra aṣọ ọdún fún un. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé tó bá bèèrè pé ta nìyí, ìdáhùn kan náà ni: ọmọ tí wọ́n mú wá láti oko, wọn kò ní nǹkan kan lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Òwú ni ìyá mi àgbà ń ran. Òwú táwọn ahunṣọ fi ń hun òfì. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, èmi náà ti mọ̀ ọ́n ran. Ọdún mẹ́jọ ni mo lò nílé yẹn. Kò sẹ́nì kan tó bi mí rí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè díẹ̀ bí ẹni tó di nǹkan mú, ó sì ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ìrànwú ló ń yí. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti fọwọ́ kan ìrànwú kẹ́yìn, àwọn ìka náà kò tíì gbàgbé. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ lè gbàgbé àwọn ìka yẹn.

Obìnrin kan wà láàárín wa lọ́jọ́ náà tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. Kò sọ nǹkan kan. Ní Ọjọ́bọ̀, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti bi ọmọ náà, ọmọ náà sì ki oríkì ìlú wọn fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nínú ilé ìdáná, níbi tó ti ń gé ilá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kóòtù, torí pé ọjọ́ tiwọn kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọn kò mú fídíò wá. Bébà ni wọ́n mú wá, ọ̀rọ̀ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ nínú kóòtù ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, nígbà tí Adájọ́ Ṣódẹ̀ẹ́ǹdé Ṣówẹ̀mímọ́ fẹ́ rán wọn lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Bàbá ti jókòó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní alẹ́ mẹ́ta, wọ́n fi bírò kọ ọ́. Wọ́n kà á fún wa lórí ìdúró. Níparí ọ̀rọ̀ náà, Awólọ́wọ̀ sọ pé ìmọ́lẹ̀ òmìnira ń wọ̀ọ̀kùn lọ nílẹ̀ wa, ó lè di òkùnkùn biribiri, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn òkùnkùn, òwúrọ̀ tó lógo ń bọ̀. Ọdún 10 ni wọ́n dá fún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ ìtàn àtijọ́ ni, mo gbọ́ ọ nínú rẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ. Wọ́n ká bébà wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ ò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà." A ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún yẹn ni Ṣẹ́gun, àkọ́bí Awólọ́wọ̀ lọ́kùnrin, lọ́yà, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, nígbà tí ẹjọ́ bàbá rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn nígbà náà, ìyá àwọn se ọbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, kò rántí fi iyọ̀ sí i, bàbá àwọn sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Wọ́n wá tún bébà náà ṣí, wọ́n tún ìparí rẹ̀ kà. Lẹ́yìn òkùnkùn, òwúrọ̀ tó lógo ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè, òun ló ń sọ̀rọ̀ òwúrọ̀. Àbọ̀ yẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní kóòtù. Ọwọ́ ẹni tó jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ló wà.

Olùkọ́bìnrin kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ kò jẹ́ kó parí síbẹ̀, inú mi sì dùn pé kò jẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òwúrọ̀ náà dé?" Ó ní òótọ́ ni pé wọ́n dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún tó tẹ̀lé e, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ṣé irú ọ̀rọ̀ ìrètí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oògùn oorun? Bàbá kò bínú. Àwọn méjèèjì fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, wọ́n ṣì ń fà á. A kò rí i yanjú. Títí di òní, bí àwọn méjèèjì bá pàdé lọ́nà, wọ́n á tún mú un níbi tí wọ́n já a sí.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló mú ti William Kamkwamba wá, ọmọ ilẹ̀ Màláwì. Mo fẹ́ràn ti ọjọ́ náà nítorí pé ọ̀rọ̀ àsọyé méjì ló jẹ́. Àkọ́kọ́, ti Arusha ní Tanzania, oṣù Kẹfà ọdún 2007. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Kamkwamba, ẹ̀rù ń bà á lórí pèpéle, Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ ló sọ: ó gbìyànjú, ó sì ṣe é. Èkejì, ti Oxford ní ọdún 2009, tí òun fúnra rẹ̀ ti wá rò ó dáadáa: ìyàn tó mú ní Màláwì lọ́dún 2001, bí oúnjẹ ilé wọn ṣe di ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, òkèlè mẹ́ta mẹ́ta, bí kò ṣe rí owó ilé-ìwé san, dọ́là 80 lọ́dún, bó ṣe ń lọ sí ilé ìkàwé, tó jẹ́ pé àwòrán inú ìwé ló fi ń mọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí, bó ṣe fi fáànù katakata, férémù kẹ̀kẹ́ àti páìpù oníke ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tó sì tan iná sílé wọn. Àwọn ènìyàn ní ó ti ya wèrè, ìyá rẹ̀ wà lára wọn.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n mú iná lọ láàárín méjì. Ọ̀gá ọmọ náà bá dìde, ó ní kí a dúró. Ó gba kẹ̀kẹ́ ọmọ kan níta, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó so dáínámò àtijọ́ kan mọ́ ọn, ó so gílóòbù kékeré mọ́ dáínámò, ó wá fọwọ́ yí táyà. Gílóòbù náà kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyín iná, lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀ rokoṣo. Àwọn ọmọdé hó yè. "Ohun tí ọmọ Màláwì yẹn ṣe náà rèé," ni ọ̀gá sọ, "afẹ́fẹ́ ló fi rọ́pò ọwọ́ mi yìí." Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ ló dúró sí mi lọ́kàn. Ó ní ti Arusha ni òun fẹ́ràn jù. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń yọ lẹ́nu lè dúró níwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dìde fún un.

Ti Wangari Maathai, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ nílùú Oslo ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni, nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà. Níparí rẹ̀, ó rántí odò kékeré tó wà nítòsí ilé wọn ní Kenya nígbà tó wà lọ́mọdé, tó ń fi ìka kó ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi, ó rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kàn án, á já. Odò náà ti gbẹ báyìí. A kò tíì tẹ̀ ẹ́ dúró tí àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ odò Ọ̀gùnpa àti omíyalé ọdún 1980. Ogún ènìyàn ló ṣèlérí pé àwọn á jáde wá gbá gọ́tà ẹ̀yìn ilé-ìwé. Méje ló jáde. Àwa méje gbá a.

Ẹ ó máa rí èyí tí kò dára pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ kan mú ọ̀rọ̀ ìwúrí kan wá, olùsọ̀rọ̀ wọ kóòtù tó ń dán, ó ń pariwo pé inú ọkàn nìkan ni òṣì wà, pé ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù kò ní tòṣì. Àwọn kan ní kí a má gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ tán. Nígbà tó parí, ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ bèèrè pé aago mélòó ni olùsọ̀rọ̀ náà máa ń jí. Wọ́n ní àwọn ti ń jí ní aago mẹ́rin lọ sí Bódìjà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ tó mú ọ̀rọ̀ náà wá kò jiyàn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá náà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún òun bí wọ́n ṣe ń ra tòmátì lówó àwìn àti ẹni tó ń jèrè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá lọ́jọ́ náà ju ti inú fóònù lọ.

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ wa fídíò náà sórí fóònù láti ilé, dátà kò ṣeé gbára lé. Sípíkà tó ń lo bátìrì ni kí ẹ mú, ẹ rọ bátìrì rẹ̀ yó láàárọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà má kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí ẹni tó mú un wá kọ́kọ́ sọ ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe é lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé ìgbà náà làwọn ènìyàn máa mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹ má sì kánjú níbi tí ìtumọ̀ bá ti há, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Kíláàsì ilé-ìwé ni àwa ń lò. Bó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, apá kan kò ní wá.

Ẹni tó bá kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà kan bínú nígbà tí a gbé e kalẹ̀, wọ́n ní ṣé a fẹ́ kí ọmọdé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ni. A bẹ̀ wọ́n, a ní bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọ wo ló tún fẹ́ sọ pé òun rí i lọ́nà mìíràn? Wọ́n gbà. Bàbá kóòtù ló wá ń ṣọ́ òfin náà jù báyìí.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ má ṣe gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀, ẹ má sì ya fídíò wọn. Ká ní ẹnìkan na fóònù sí obìnrin aránṣọ yẹn, kì bá tí la ẹnu.

Òun náà ló máa mú ọ̀rọ̀ wá lóṣù yìí. Ó ti wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí lórí fóònù kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ àgbà bá a sọ ní gáréèjì ọkọ̀ n'Ìṣẹ́yìn ni, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń mú un bọ̀ ní Ìbàdàn. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà lórí òun. Ó bèèrè bóyá irú ìyẹn náà bá òfin wa mu. Mo sọ fún un pé ó bá a mu.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Àga ilé-ìwé kéré fún àgbàlagbà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga yín dání.